Aṣọ Balùwẹ̀ Tí Alága Rán fún Bàbá Rẹ̀

Kì í ṣe alága ẹgbẹ́ kankan. Àga ló ń ránṣọ fún: àga pálọ̀, àga ọ́fíìsì, àga mọ́tò, àga tí ojú rẹ̀ ti ya tí fóòmù ti yọ ahọ́n síta. Àwọn oníbàárà ló sọ ọ́ ní Alága, orúkọ náà sì mọ́ ọn lára débi pé bí ẹnì kan bá fi orúkọ gidi pè é lójú pópó, ó lè kọjá lọ bí ẹni tí kò gbọ́. Obìnrin ẹni ọdún mẹ́tàdínláàádọ́ta ni. Yàrá iwájú nísàlẹ̀ ilé bàbá rẹ̀ ló fi ṣe ṣọ́ọ̀bù. Òkè ni òun àti bàbá rẹ̀ ń gbé, àwọn méjì péré, láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú.

Bàbá Rélùwéè ni gbogbo àdúgbò ń pe bàbá náà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi wa ọkọ̀ ojú irin. Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ṣùgbọ́n aago tó wà nínú ara rẹ̀ kò fẹ̀yìn tì. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀, ó ń wẹ̀. Aago mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ó tún ń wẹ̀. Tó bá wọ balùwẹ̀, á ti ilẹ̀kùn, á fi irin há a láti inú, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ kan ilẹ̀kùn náà títí á fi jáde, kí ilé tilẹ̀ máa jó.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Alága wà nídìí máṣíìnì rẹ̀ nígbà tí nǹkan dún gbì lókè. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì, ó dẹtí. Kò gbọ́ nǹkan mìíràn àfi omi tó ń dà. Ó ní bóyá bókẹ́ẹ̀tì ló bọ́ lọ́wọ́ bàbá òun. Ó rán ìlà tó wà níwájú rẹ̀ parí. Ìlà kan ṣoṣo yẹn, kò ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, ni kò tíì dárí rẹ̀ ji ara rẹ̀ títí di òní. Ìgbà tó rán an tán, omi ṣì ń dà, kò sì sí ohùn orin tí bàbá máa ń kùn lábẹ́ omi.

Ó sáré gòkè.

"Bàbá! Bàbá, ṣé kò sí o?"

Omi ti ń yọ́ jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ó fi èjìká tì í, kò mì. Ó tún sáré sísàlẹ̀, ó la òpópónà kọjá, ó ké sí Káfíńtà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ tiwọn. Ọkùnrin náà gbé irin tí wọ́n fi ń fa ìṣó wá, ó fọ́ irin tó há ilẹ̀kùn, síbẹ̀ ilẹ̀kùn kò ṣí. Inú ló ń ṣí sí, ara bàbá ló sì dí i. Bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn, bàbá ni wọ́n ń tì, wọ́n sì ń gbọ́ bó ṣe ń kérora. Ogún ìṣẹ́jú ni Káfíńtà fi ya ilẹ̀kùn náà sí wẹ́wẹ́, pátákó kan lẹ́yìn èkejì. Ní gbogbo ogún ìṣẹ́jú yẹn, omi tútù ń dà lé arúgbó náà lórí, ẹ̀jẹ̀ sì ń bá omi jáde síbi tí Alága kúnlẹ̀ sí.

Egungun kankan kò ṣẹ́. Wọ́n rán ojú ọgbẹ́ orí rẹ̀, wọ́n sì dá a dúró lọ́sibítù fún ọjọ́ mẹ́fà. Dókítà ní ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ló máa ń wálẹ̀ lójijì, òòyì á kọ́ ọ, ilẹ̀ á sì gbà á. Ó ní bó bá tún ṣẹlẹ̀, kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tó ń ṣí sínú. Káfíńtà wò ó bóyá òun lè jẹ́ kó máa ṣí síta, ṣùgbọ́n orí àtẹ̀gùn ni ilẹ̀kùn náà ìbá máa gbá. Ẹni tó ń gòkè bọ̀ ni yóò ta dànù. Bí ojú balùwẹ̀ ṣe wà gbayawu nìyẹn. Igun tí ṣáwà wà sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà gan-an: ẹni tó bá ti tẹ orí àtẹ̀gùn, ó ti rí ẹni tó ń wẹ̀ láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀.

Alága ra kọ́tìnì ọ̀rá, ó fi bo igun náà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni bàbá wẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí omi gbígbóná ṣe ń dà ni ọ̀rá ń fẹ́ wọlé, ó lẹ̀ mọ́ ọn nítan, ó lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Bó ṣe ní kóun já a kúrò lára, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ọpẹ́lọpẹ́ ògiri. Ó fi táwẹ́ẹ̀lì ró ìdí, ó jáde pẹ̀lú ọṣẹ létí.

"Ṣé ẹja yìnyín ni mí, tí o ń fi ọ̀rá wé mi?"

"Bàbá, ẹ má bínú. Mo máa..."

"Mi ò bínú. Mi ò wẹ̀ mọ́ ni."

Ó dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ojú àti ọwọ́ nìkan ló ń fọ̀. Ọjọ́ kìíní kọjá, ọjọ́ kejì kọjá. Ní ọjọ́ karùn-ún, oníbàárà kan tó wá gbé àga rẹ̀ bá bàbá pàdé lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Obìnrin náà kí i dáadáa, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ gòkè lọ síbi imú kó tó rántí pé àgbàlagbà ló wà níwájú òun. Bàbá rí ọwọ́ yẹn. Ó yí padà, ó di àtẹ̀gùn mú, ó gòkè lọ ní ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ kan, kò sì sọ̀kalẹ̀ wá mọ́ lọ́jọ́ náà.

Alága bá a lókè. Orí ibùsùn ló jókòó sí, ó kẹ̀yìn sí ilẹ̀kùn.

"Bàbá, ẹ jẹ́ kí n fi aṣọ tútù nu ara fún yín. Mi ò ní pẹ́. Mo lè di ojú mi."

"Ìwọ?" Kò wẹ̀yìn. "Èmi ni mo wẹ̀ ọ́ nígbà tí o ò gùn ju apá mi lọ. Bó ṣe máa wà nìyẹn. Kò ní yí padà lójú mi."

Nọ́ọ̀sì tó wá yọ òwú tí wọ́n fi rán ọgbẹ́ orí rẹ̀ lọ́jọ́ kẹwàá ló rí i pé abẹ́ apá àti abẹ́ itan rẹ̀ ti ń bó. Ó pe Alága sórí àtẹ̀gùn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní bí awọ ara yẹn bá fi lè di egbò lára ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtìjú la ó máa sọ mọ́. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, tó jẹ́ Ọjọ́rú, ni ẹ̀gbọ́n Alága ọkùnrin pè láti ìlú tó ń gbé. Òun ni àkọ́bí, àwọn méjì náà sì ni ìyá wọn bí.

"Mo bá nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀," ló fi bẹ̀rẹ̀, kò tilẹ̀ kí i. "Kí ló dé tó jẹ́ ẹnu rẹ̀ ni mo ti gbọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, mò ń wá ọ̀nà sí i ni."

"Ọ̀nà wo? Ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà tí mo sọ fún ọ níjọ́sí, àyè kan ti ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Sátidé ni mò ń bọ̀. Tí mo bá bá Bàbá bí wọ́n ṣe wà yìí, mọ́tò tí mo bá gbé wá ni wọ́n á bá mi lọ."

"Ẹ ò lè gbé Bàbá bí ẹrù."

"Ìwọ náà ò lè jẹ́ kí wọ́n jẹrà sílé!"

Fóònù kú. Alága dúró láàárín àwọn àga tí kò tíì láṣọ. Ohun tó dùn ún jù ni pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò parọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó pa iṣẹ́ gbogbo tì. Ó kó gbogbo aṣọ tó wà ní ṣọ́ọ̀bù síta, ó ta wọ́n sórí okùn, ó ń da omi sí wọn níkọ̀ọ̀kan. Èyí mu omi bí ọ̀mùtí, ó wúwo, ó rọ̀ wálẹ̀. Èyí kò mu omi, àmọ́ ó lẹ̀ mọ́ ọwọ́ bí ọ̀rá. Gbogbo ọdún tó ti ń bá iṣẹ́ yìí bọ̀, kò sí àga tó sọ fún un rí pé kó má wo ìhòòhò òun. Ọ̀sán ló tó mọ ohun tó máa ṣe. Aṣọ méjì ni yóò lẹ̀ pọ̀. Aṣọ agboòjò ni yóò wà nínú, kí omi máa yọ̀ wálẹ̀ lára rẹ̀. Aṣọ òwú tó nípọn, aláwọ̀ ewé, ni yóò wà níta, kí ojú ẹnikẹ́ni má lè là á já.

Kí aṣọ má baà máa fẹ́ wọlé lẹ̀ mọ́ bàbá, ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbọdọ̀ wúwo. Irin ló kọ́kọ́ rò, ó rántí pé irin á dípẹtà. Ó wá ra òjé wẹ́wẹ́ tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n. Ó ṣẹ́ etí ìsàlẹ̀ aṣọ ní ìlọ́po mẹ́ta, ó rán an sí àpò kéékèèké, ó ju òjé kọ̀ọ̀kan sínú, ó sì rán ẹnu rẹ̀ pa.

Òkè aṣọ ló gba ìrònú jù. Ogún ìṣẹ́jú yẹn kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ó fẹ́ aṣọ tí yóò dúró bí ògiri fún ẹni tó wà nínú, tí yóò sì wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà fún ẹni tó bá fà á láti ìta. Kò rán ojú ihò tí ọ̀pá máa gbà kọjá sí i. Ọ̀já pẹlẹbẹ mẹ́rìnlá ló rán sí òkè rẹ̀, èyí tí yóò yí ọ̀pá ká, ó sì fi bọ́tìnnì onírin, irú èyí tí ń dún pà, de ọ̀já kọ̀ọ̀kan. Ó pe Káfíńtà kó wá fà á wò. Káfíńtà, tó ti kan irin ìdìmú mọ́ ògiri balùwẹ̀ láàárọ̀, fọwọ́ kan fa aṣọ. Pà-pà-pà-pà, gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀. Ọkùnrin náà wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Alága, ìwọ ló yẹ kó o ṣe ilẹ̀kùn ti tẹ́lẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín, àmọ́ Alága kò lè bá a rẹ́rìn-ín. Nǹkan kan ṣì kù. Aṣọ tó bá kanlẹ̀ yóò fi bàbá pamọ́ fún òun náà. Báwo ni òun ṣe máa mọ̀ bó bá ti ń ṣubú? Ó mú ṣòkòtò iṣẹ́ bàbá rẹ̀ kan sílẹ̀ láti orí ìkọ́, ó fi tépù wọ̀n ọ́n láti ìbàdí dé ẹsẹ̀, ó ṣírò. Lẹ́yìn náà ló mú sísọ́ọ̀sì, ó gé aṣọ náà kúrú, kó lè jẹ́ pé ìdajì ojúgun ni yóò mọ. Ó tú òjé kúrò ní etí àtijọ́, ó sì rán wọn sí etí tuntun náà. Ègé tó kù, tó fẹ̀ dáadáa, ó ká a sábẹ́ tábìlì.

Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì ni bàbá wá wò ó. Ó fi ìka méjì ra aṣọ náà, inú àti òde. Ó tì í sọ́tùn-ún, ó tì í sósì.

"Kò pariwo."

"Kò ní lẹ̀ mọ́ yín, Bàbá. Mo ti fi omi gbígbóná dán an wò."

Ó bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ó wo ìsàlẹ̀. "Kí ló dé tó fi kúrú báyìí?"

Bí Alága bá sọ òótọ́, pé òun fẹ́ máa ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, bàbá á ní ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n fi ti òun, ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀.

"Aṣọ ló tán," ó wí.

Bàbá wò ó pẹ́. "Ó dáa. Lọ́la, aago mẹ́fà ààbọ̀. Ṣùgbọ́n o ò gbọdọ̀ ṣí aṣọ yìí, àfi tí mo bá pè ọ́. Búra."

"Mo ti gbọ́, Bàbá."

"Mi ò ní kó o gbọ́. Mo ní kó o búra."

"Mo búra."

Àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò sí ìṣẹ́jú kan tó yẹ̀. Bàbá wọlé, ó gbé táwẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kọ́ sórí irin ìdìmú, ó fa aṣọ pa. Alága gbé àpótí kékeré kan sẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀, ó mú ìrọ̀rí kan àti abẹ́rẹ́ dání bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò sí òwú lójú abẹ́rẹ́ náà. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Ẹsẹ̀ méjì ló ń rí lábẹ́ aṣọ, ẹsẹ̀ tó funfun nítorí omi, èékánná tó nípọn, ọmọ ìka tó wọ́ díẹ̀ nínú bàtà iṣẹ́ ọdún pípẹ́. Ìfófòó ọṣẹ ń ṣàn kọjá láàárín wọn. Aṣọ náà dúró gbọn-in, kò fẹ́ síbì kan. Lẹ́yìn díẹ̀, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kun orin. Alága ò mọ̀ pé òun ti ń sunkún.

Bàbá wẹ̀, ó wẹ̀, ó tún wẹ̀. Ọjọ́ mẹ́tàlá kì í ṣe eré. Ó yí ẹ̀rọ sí i, omi túbọ̀ gbóná, ooru omi ń gba orí ọ̀pá jáde. Bẹ́ẹ̀ ni orin náà dáwọ́ dúró láàárín.

Alága gbójú sókè. Omi ń dà.

"Bàbá?"

Kò sí èsì. Ẹsẹ̀ méjèèjì ṣì wà lórí ìdúró. Bóyá ojú ló ń fọ̀. Bóyá ọṣẹ wọ̀ ọ́ lẹ́nu.

"Bàbá, ṣé kò sí?"

Àwọn ọmọ ìka náà ká mọ́lẹ̀, bíi pé wọ́n fẹ́ di táìsì mú. Alága ti dìde. Ó di etí aṣọ mú, ó dúró. Mo búra. Bó bá ṣí i tí nǹkan kan ò ṣe bàbá, kò ní wẹ̀ mọ́ láyé, mọ́tò ẹ̀gbọ́n sì ti wà lójú ọ̀nà. Ó retí kí bàbá wúkọ́, kó bú òun, kó sọ ohunkóhun. Gìgísẹ̀ òsì gbéra nílẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó rọ.

Ó fa aṣọ náà.

Bọ́tìnnì mẹ́rìnlá ké lẹ́ẹ̀kan náà, aṣọ wó lu bàbá láti èjìká dé ilẹ̀, òjé sì lu Alága lẹ́sẹ̀. Kò rí ìhòòhò kankan. Aṣọ aláwọ̀ ewé tó ń ṣubú ló rí, ó sì fi apá méjèèjì gbá a mọ́ra pẹ̀lú ẹni tó wà nínú rẹ̀. Bàbá wúwo. Ó fà á sọ́dọ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó rọra bá a yọ̀ wálẹ̀ títí wọ́n fi jókòó sílẹ̀, orí bàbá lé èjìká rẹ̀, omi gbígbóná ń dà lé àwọn méjèèjì.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ó ti tètè jáde nílé. Ó dúró sórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lọ́wọ́, ẹnu rẹ̀ là.

"Ẹ pa omi!" Alága kò pariwo mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bẹ́ẹ̀ rí láyé. "Kí lẹ̀ ń wò? Ẹ pa omi!"

Ọkùnrin náà fi bàtà wọ inú omi, ó pa á. Balùwẹ̀ dákẹ́. Mímí bàbá nìkan ni wọ́n ń gbọ́, ó kọ́kọ́ ń fà, ó wá ń lọ déédéé. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, ó la ojú.

"Ta ló ṣí aṣọ?"

"Èmi ni."

"Ṣé mo pè ọ́?"

"Ẹ ò pè mí."

Ó wo ara rẹ̀. Aṣọ bò ó dé ọrùn. "Kí lo rí?"

"Ẹsẹ̀ yín, Bàbá. Ẹsẹ̀ yín nìkan."

Ó wo etí aṣọ náà. "Aṣọ ò tán, àbí?"

"Kò tán. Mo gé e ni."

"Irọ́ kan," bàbá wí, "àti ìbúra kan. Lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo."

"Bàbá, ẹ ti rí i báyìí," ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀, "ẹ ò lè máa dá..."

"Ìwọ, dákẹ́ ná. Bàtà rẹ ti rin." Ó gbé ọwọ́ kan jáde lábẹ́ aṣọ, ó di ọrùn ọwọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin mú. Kò sì tètè fi í sílẹ̀.

Dókítà tí wọ́n pè wá sọ pé omi gbígbóná ló fà á, àti oògùn tí bàbá ń lò kété kó tó wẹ̀. Ó yí àkókò oògùn náà padà, ó ní kó máa jókòó wẹ̀, kí omi sì máa lọ́ wọ́ọ́rọ́. Gbogbo ọ̀sán ni ẹ̀gbọ́n fi ń rìn kiri pálọ̀, ó ń sọ̀rọ̀ ilé ìtọ́jú náà, bí yàrá rẹ̀ ṣe tẹ́jú, bí àwọn nọ́ọ̀sì ibẹ̀ ṣe gbọ́n. Bàbá ń fetí sílẹ̀. Nígbà tí aago lu mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́, ó dìde.

"Ọṣẹ ṣì wà lẹ́sẹ̀ mi kan," ó wí. "Ta ló fẹ́ ṣọ́ mi?"

Ẹ̀gbọ́n ló jókòó sórí àpótí nígbà yẹn. Káfíńtà ti gbé àga onípákó kan sínú ṣáwà, Alága ti de bọ́tìnnì padà. Nígbà tí bàbá jáde, ara rẹ̀ ń dán, ó ń wá ìpara. Ẹ̀gbọ́n sùn mọ́jú, ó sì lọ lọ́jọ́ kejì ní òun nìkan. Kò sọ pé Alága jàre. Ó ní tó bá di oṣù mẹ́ta, òun á padà wá wò ó. Ó padà wá lóòótọ́, léraléra, ó sì máa ń jà nípa ilé ìtọ́jú náà nígbà kọ̀ọ̀kan. Bàbá kò lọ. Ọdún mẹ́ta ó dín díẹ̀ ló tún lò, inú yàrá rẹ̀ ló sì kú sí. Nọ́ọ̀sì tó yọ òwú orí rẹ̀ ti mú àwọn ènìyàn wá bá Alága nígbà náà, àwọn tó ní ìyá tàbí bàbá nílé, wọ́n sì ń bèèrè aṣọ balùwẹ̀ tó ń wó.

Ṣùgbọ́n èyí tí Alága fúnra rẹ̀ máa ń sọ ni ti àárọ̀ kan, ní nǹkan bí oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìṣubú kejì yẹn. Ó wà lórí àpótí, bàbá wà nínú.

"Alága!"

Ó ti di aṣọ mú. "Bàbá! Ṣé kò sí?"

"Kò sí." Ohùn bàbá rọlẹ̀. "Ẹ̀yìn mi ni. Ọwọ́ mi ò dé ibẹ̀ mọ́."

Ó rọra ṣí i. Bàbá ti fi táwẹ́ẹ̀lì bo itan, ó ti kọjú sí ògiri, ó sì na kànrìnkàn sẹ́yìn láìwẹ̀yìn. Alága gbà á. Ó fọ̀ ọ́ láti ọrùn dé ìbàdí, ó sì fi omi ṣan án.

"Ó tó," bàbá wí nígbà tó yá. "O ṣeun."

Ó fa aṣọ pa, ó sì padà lọ jókòó.